Gààrí, Omi Tútù àti Àdúrà Oúnjẹ

Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣíbí kan oúnjẹ títí a ó fi gbàdúrà. Aago yóò dún, gbogbo wa yóò dìde, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan yóò sì gbàdúrà. Bí ebi bá ti ń pa wá tó ni Àmín wa máa ń yá tó. Mo há àdúrà náà sórí, ṣùgbọ́n n kò ronú lé e lórí rí. Ó tó ọdún 40 lẹ́yìn náà, tí mo ti di àlùfáà, tí mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúrà gbígbà, kí n tó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni mo padà wá gbé ní Ìbẹfun. Fún oṣù mélòó kan, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi. Mo kàn ń jẹ ẹ́ kí àwọn ọmọ má baà dààmú ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gidigidi, mo bu gààrí Ìjẹ̀bú sínú abọ́, mo da omi amù sí i, mo sì fi ẹ̀pà díẹ̀ lé e. Ó kan, ó tutù, ó ṣì le díẹ̀ láàárín eyín. Mo rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí. Ṣé adùn gààrí ni yóò mú mi gbàgbé ẹni tí mo sin? Ṣé ó sì yẹ kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa rí ayọ̀ nínú abọ́ gààrí?

Ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí a ti gbọ́ ọ púpọ̀ pé ti ayé ni gbogbo ìgbádùn, àti pé ọ̀run ni ayọ̀ onígbàgbọ́ wà. Èmi náà ti wàásù bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kìíní sí Tímótì, orí 4, àwọn tí ń ka oúnjẹ léèwọ̀ gan-an ni Pọ́ọ̀lù bá wí. Ohun tí ó béèrè lọ́wọ́ wa ni ọpẹ́. Ìwé Oníwàásù kì í sì í ṣe ìwé jayéjayé. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò gbàgbé ikú rárá, síbẹ̀ léraléra ni ó ń padà sórí jíjẹ, mímu àti iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, tí ó ń pè wọ́n ní ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ẹ tún wo Jòhánù orí 21. Olúwa ti jíǹde. Pétérù tí ó sẹ́ ẹ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn sì ti fi gbogbo òru pẹja lásán. Iná ẹyín ni Jésù dá, ó yan ẹja, ó pè wọ́n wá jẹun. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ni ó tó bi Pétérù bóyá ó fẹ́ràn òun. Ìbéèrè yẹn ni mo máa ń sáré lọ bá nígbà tí mo bá ń wàásù. Mo máa ń fo ẹja náà.

Ní Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní ọdún 1892 ni ìhìn rere tó rí àyè tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n kí ìwé tó dé ni a ti ń pe ẹni tí ó bá bá wa nídìí oúnjẹ pé kí ó wá jẹun, tí òun náà sì ń dáhùn pé, “Á gba ibi ire.” Àdúrà oúnjẹ ni èyí náà, ẹni tí kò jẹ nínú rẹ̀ ni ó sì ń gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ níhìn-ín. Ohun tí ó jẹ́ ìgbádùn fún mi, iṣẹ́ ni fún ẹlòmíràn. Wọn yóò bó ẹ̀gẹ́, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò dì í sínú àpò, wọn yóò gbé òkúta lé e tàbí kí wọ́n fi jáàkì fún un. Ti Ìjẹ̀bú kì í yára: a ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan dáadáa. Gbogbo iṣẹ́ yìí náà ni ó ń dín oró inú ẹ̀gẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan yóò jókòó sínú èéfín, tí yóò sẹ́ ẹ, tí yóò yan án, tí omi yóò máa dà lójú rẹ̀. Nínú Diutarónómì orí 14, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí Ísírẹ́lì jẹ ìdámẹ́wàá oko wọn níwájú òun pẹ̀lú ayọ̀. Ní orí kan náà ni ó ti ní kí wọ́n kó o kalẹ̀ ní ọdún kẹta fún àlejò, aláìníbaba àti opó. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ti Èkó wálé wá ra gààrí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má nájà títí ìyá náà yóò fi kábàámọ̀ pé òun pàtẹ.

Púpọ̀ nínú wa ti kọ́lé sílé, a kì í sì í wá àfi ọdún tàbí ìsìnkú. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń ṣọ́ ilé ni ó ń gba atẹ́gùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ni ó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná lálẹ́. N kò bá a jowú, ṣùgbọ́n ilé tìrẹ ni.

Ní ti ìbéèrè kìíní, n kò gbàgbé ìyàwó mi. Ìgbà tí oúnjẹ bá dùn ni mo tilẹ̀ máa ń rántí rẹ̀ jù, nítorí òun ni ó máa ń sọ pé omi mi ti pọ̀ jù. Ní àná, mo tún bu gààrí. Mo dìde dúró bí a ti ń ṣe ní yàrá ìjẹun, mo dúpẹ́ nítorí rẹ̀, mo dúpẹ́ nítorí ìyá tí ó yan gààrí náà, mo sì ṣe Àmín. Kò yá tó ti ìgbà èwe mi.