Owó Ìrànwọ́ fún Ẹgbẹ́ Obìnrin: Ohun tí Olówó Máa Ń Wò

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sí Ajido lónìí. Ìlú Ẹ̀gùn ni, létí ọ̀sà, ní ìhà Àgbádárìgì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí igi àgbọn ti gbilẹ̀. Bí ẹ bá ti wo obìnrin tó ń ṣe òróró àgbọn rí, ẹ ó mọ̀ pé iṣẹ́ agbára ni. A ó fọ́ ọ, a ó yọ ẹran inú rẹ̀, a ó lọ̀ ọ́, a ó fún omi rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó gbé e kaná títí òróró yóò fi yọ sójú. Ọ̀pọ̀ a sì máa ṣe gbogbo èyí pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìlọ̀ kan ṣoṣo lè gba ogún obìnrin lọ́wọ́ làálàá yìí, ṣùgbọ́n èrè ọjà ẹnì kan kò lè rà á.

Irú iṣẹ́ báyìí ni owó ìrànwọ́ kékeré wà fún. Kì í ṣe owó èlé ni mo ń wí o. Owó ìrànwọ́ kì í padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í sílẹ̀, àmọ́ ẹni náà yóò béèrè ohun tí a fi ṣe. Ẹgbẹ́ ni a sì máa ń fún, kì í ṣe ẹnì kan.

Ètò náà kì í ṣe tuntun. Ní Tógò, létí òkun wa yìí náà, ni ìjọba Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan ní 1964, tí aṣojú wọn fi ń ran àwọn ìlú kéékèèké lọ́wọ́. Ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1989. Ní 1992 ni GEF Small Grants Programme dé, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń bójú tó fún iṣẹ́ tó bá jẹ mọ́ ilẹ̀, omi àti igbó. 50,000 dọ́là ni òdiwọ̀n tí wọ́n fi sí i fún ẹgbẹ́ kan tẹ́lẹ̀. Èyí tí ó wù mí jù ni African Women's Development Fund, tí Bisi Adeleye-Fayemi, ọmọ Nàìjíríà, pẹ̀lú Joana Foster ará Gánà àti Hilda Tadria ará Ùgáńdà, dá sílẹ̀ ní 2000. Obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń pinnu ibi tí owó náà yóò lọ.

Kí ni olówó máa ń wò? Ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ni. Nínú ètò Community and Social Development Project, tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í ràn lọ́wọ́ ní Nàìjíríà ní 2009, ìlú ni ó mú náírà mẹ́wàá wá nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ owó. Ilẹ̀, yanrìn àti agbára apá wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ láti Corporate Affairs Commission. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní in lè bá ẹgbẹ́ mìíràn tó ní in rọ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìwé. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan rí tí a gba irú owó bẹ́ẹ̀ láti fi gbẹ́ kànga. Omi rẹ̀ mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ ra símẹ́ǹtì kò gba rìsíìtì. Nígbà tí a béèrè ìpín kejì, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ fi ìwé ìpín kìíní hàn. A kò jalè, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí ohun tí a ó fi hàn pé a kò jalè. Ìpín kejì kò dé. Ìpín yẹn ni a ìbá fi ṣe ìdérí kànga náà. Ó sì pẹ́ títí tí ó fi wà ní ìṣísílẹ̀, tí àwọn ọmọ wa ń pọnmi níbẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni n kò fi rán ọmọ mi lọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú, ẹ ti mọ iṣẹ́ yìí ju bí ẹ ti rò lọ. Ìwé tí ẹ fi ń kọ ẹni tó dá àti ẹni tó kó ni olówó ń wá. Kí ẹni méjì, ó kéré tán, máa buwọ́ lùwé ní báńkì, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo ti rí i tí obìnrin ń fọ́ àgbọn, tí orúkọ bàbá kan tí kò fọ́ ọ rí sì wà ní báńkì. Ẹ má ṣe tìjú láti sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ìpàdé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ jókòó ṣírò bí ẹ̀rọ yóò ti máa jẹun. Bẹ́líìtì a máa já, epo a máa tán, olówó kì í sì í padà wá nítorí bẹ́líìtì. Náírà mélòó ni ẹni tó bá gbé abọ́ àgbọn kan wá yóò san? Ta ni yóò máa gbà á, ọ̀dọ̀ ta ni yóò sì wà? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìbéèrè náà.