Félix Éboué: Ọmọ Ìran Ẹrú tí ó Di Ajẹ́lẹ̀ ní Kàríbíànì

Láyé ìjọba Ọ̀yọ́ àti ti Ìbàdàn, ajẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú tí ó ń ṣọ́. Ìlú tí ó jẹ gàba lé ìyẹn lórí ni ó ti ń wá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni ó sì ń fi ìṣákọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí. Kí ni kí á wá pe ọmọ ìran ẹrú tí àwọn amúnisìn fi jẹ ajẹ́lẹ̀ lé àwọn ọmọ ìran ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Félix Éboué.

Ìlú Cayenne, ní Gùyánà ti àwọn Faransé, ni a ti bí i ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1884. Àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára ẹrú tí Faransé dá sílẹ̀. Ìwé tí ó mọ̀ ni ó jẹ́ kí ìjọba fún un ní owó ìrànwọ́ láti lọ kàwé ní Bordeaux. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí Faransé fi ń kọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ wọn ní Paris, ó sì jáde ní 1908. Wọn kò rán an lọ sílé. Ubangi-Shari, ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ni wọ́n rán an lọ, ó sì lò ju ogún ọdún lọ níbẹ̀.

Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn ajẹ́lẹ̀ ni pé ó fi etí sí èdè àwọn tí ó ń ṣàkóso. Ní 1918, ó tẹ ìwé kan jáde lórí èdè Sango, Banda, Baya àti Mandjia. Ní 1935, ó tún kọ̀wé lórí bí ìlù àti fèrè ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìyáàlù dùndún rí kò ní fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí, nítorí ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ni ìlù ń fà yọ. Ṣùgbọ́n òun kan náà ni ó ti àwọn ará agbègbè rẹ̀ sí gbígbin òwú, iṣẹ́ tí kì í ṣe ìfẹ́ inú wọn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, René Maran, tí òun náà jẹ́ ọmọ ará Gùyánà, kò lè pa á mọ́ra. Ní 1921, ó kọ ìtàn àròsọ *Batouala*, ó sì tú àṣírí ìwà ìkà àwọn ajẹ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Goncourt. Kò sì pẹ́ tí Maran fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Éboué dúró sí tirẹ̀.

Dídúró yìí ni ó gbé e dé Kàríbíànì. Ní 1932, ó di akọ̀wé àgbà ìjọba ní Martinique, ó sì ń dele fún gómìnà. Ní 1936, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèlú tí ń gbèjà òṣìṣẹ́ gba ìjọba ní Paris, wọ́n fi í jẹ gómìnà Guadeloupe, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí yóò wà ní ipò náà. Ipò tí ó le ni. Ìrèké ni ọrọ̀ erékùṣù náà, ọwọ́ ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ilẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ ṣúgà sì wà. Àwọn olówó ń retí ọlọ́pàá lọ́dọ̀ gómìnà. Àwọn tí ń gé ìrèké ń retí ọmọ ìyá. Éboué ń bá tọ̀tún-tòsì sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1937, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Carnot ní Pointe-à-Pitre sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa fi òótọ́ inú ṣe eré tí wọ́n bá wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ta ni ó ṣe òfin eré ọ̀hún?

Ní 1938, wọ́n mú un kúrò, wọ́n sì rán an lọ sí Chad, ibi tí ọ̀pọ̀ kà sí ìjìyà. Níbẹ̀ ni ó ti kéde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 1940 pé Chad wà lẹ́yìn de Gaulle, nígbà tí Jámánì ti ṣẹ́gun France. Kí ọdún náà tó parí, ó ti di gómìnà àgbà fún gbogbo ilẹ̀ Faransé ní àárín gbùngbùn Áfíríkà.

Cairo ni ó kú sí, ní oṣù karùn-ún 1944. Ní 1945, àwọn ará Guadeloupe dìbò fún Eugénie, opó rẹ̀, láti ṣojú wọn ní ilé aṣòfin ní Paris. Ní 1949, wọ́n gbé òkú Éboué wọ Panthéon, ibi tí France ń sin àwọn akọni rẹ̀ sí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gbé ti Victor Schoelcher wọ ibẹ̀, ẹni tí ó ṣe agbátẹrù òfin 1848 tí ó dá àwọn baba ńlá Éboué sílẹ̀.