Òórùn Òbúkọ: Bí A Ṣe Lè Kápá Rẹ̀ Láìba Agbo Ẹran Jẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kò sí ilé tí a ti ń sin ewúrẹ́ tí a kò mọ òórùn òbúkọ. Aládùúgbò a máa ráhùn nítorí rẹ̀. Oníbàárà a máa di imú, a sì dín owó ẹran kù. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ onílé fi ń yára tẹ òbúkọ wọn tí ó tóbi jù lọ́dàá, tàbí kí wọ́n tà á, tí wọn a sì fi àwọn kéékèèké tí kò tí ì máa rùn sílẹ̀ láàárín àwọn abo. Àdánù ńlá ni àṣà yìí. Àwọn kéékèèké wọ̀nyí ni yóò gun ìyá àti àbúrò wọn, ọmọ tí a ó sì bí yóò máa kéré sí i lọ́dọọdún.

Ibi tí òórùn náà ti ń wá

Òórùn yìí kì í ṣe ìdọ̀tí. Nígbà tí òbúkọ bá bàlágà, oje tí ẹpọ̀n rẹ̀ ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ a máa jí àwọn orísun ọ̀rá tí ó wà nínú awọ orí rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìwo. Ọ̀rá náà ni ó ń rùn. Yàtọ̀ sí èyí, òbúkọ a máa tọ̀ sí irùngbọ̀n àti ẹsẹ̀ iwájú ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ń wá abo. Ní ilẹ̀ olótùútù, àkókò kan nínú ọdún ni èyí máa ń le jù. Ṣùgbọ́n jálẹ̀ ọdún ni àwọn ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ń gba akọ, nítorí náà òórùn òbúkọ wa kò ní ìsinmi. Bí ẹ tilẹ̀ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ lónìí, yóò tún rùn láìpẹ́, nítorí pé orísun rẹ̀ kò gbẹ.

Iṣẹ́ tí òórùn náà ń ṣe

Òórùn yìí ni òbúkọ fi ń pe abo. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Japan tẹ ìwádìí kan jáde, wọ́n sì fi hàn pé èròjà kan ń jáde láti orí òbúkọ tí ó ń ta apá ọpọlọ abo tí ń darí ìbímọ jí.

Ẹ lè fi èyí ṣe èrè. Ẹ mú òbúkọ kúrò láàárín àwọn abo fún ọ̀sẹ̀ 3 ó kéré tán, sí ibi tí wọn kò ti ní rí i, tí atẹ́gùn kò sì ní gbé òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá dá a padà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn abo tí kò lóyún yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá akọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nǹkan bí 150 ọjọ́ ni oyún ewúrẹ́. Nítorí náà ìbí yóò bọ́ sí àkókò kan náà, ẹgbẹ́ yóò sì lè kó ẹran lọ sí ọjà pọ̀.

Èyí tí a ó dá sí, àti èyí tí a ó tẹ̀

Òbúkọ kan tí ó dàgbà tó fún abo 20 sí 25. Ẹ yan èyí tí ó yára dàgbà, tí a bí ní ìbejì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí ẹpọ̀n rẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Kí ẹgbẹ́ kọ́ ilé fún un lẹ́yìn abà, kí ó máa rùn níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ abo tó tó gùn, ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú mìíràn.

Ẹ tẹ àwọn akọ yòókù lọ́dàá kí wọ́n tó pé oṣù 3, nítorí pé ní oṣù 3 sí 4 ni wọ́n ti lè fún abo lóyún. Igi gọnrọngọnrọn tí yóò gúnni lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀mú ńlá tí a ń pè ní Burdizzo dára, nítorí pé kì í dá egbò sí ara ẹran. Egbò ọ̀bẹ àti ti rọ́bà lè fa tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran ṣe é. Èyí tí a bá tẹ̀ ní kékeré kò ní rùn bí òbúkọ láéláé. Èyí tí ó ti dàgbà kí a tó tẹ̀ ẹ́ yóò gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí òórùn rẹ̀ tó lọ; ẹ má ṣe kánjú pa á.

Òórùn ilé ẹran

Èyí yàtọ̀ pátápátá, kò sì ní iṣẹ́ rere kankan tí ó ń ṣe. Ìtọ̀ tí ó rin ilẹ̀ ni ó ń di amóníà, èyí tí ń ta ojú, tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹran jẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí ẹran ń sùn. Bí ojú bá ta yín, ilé náà kò dára. Ẹ gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè pẹ̀lú pákó tí ó ní àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́, kí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ lè máa jábọ́. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí háhá àgbàdo, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó rin. Ẹ má ṣe da eérú sí i. Ńṣe ni eérú ń mú kí amóníà túbọ̀ jáde. Ẹ kó ìgbẹ́ náà jọ sí oko, kí ẹ sì bò ó. Ohun tí ń ta yín nímú yìí ni oúnjẹ tí àgbàdo yín ìbá jẹ.

Nígbà tí a bá ń pa òbúkọ

Ẹ má ṣe jẹ́ kí irun rẹ̀ kan ẹran. Ẹni tí ó bó awọ gbọ́dọ̀ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ rẹ̀ kí ó tó fi kan ẹran.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ yín tí ń bọ̀, ẹ ka iye akọ tí ó wà nínú agbo gbogbo yín. Ẹ fẹnu kò lórí èyí tí yóò jẹ́ bàbá ẹran, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran fún àwọn yòókù ní ọjọ́ kan náà. Kò yẹ kí a tìtorí òórùn pàdánù bàbá rere.