Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Kí Ni "91" Tí POS Ń Sọ?

Oníbàárà kan ní ìsọ̀ POS ní Dàda Estate, Òṣogbo, ti káàdì bọ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rò ó títí, ó wá gbé "Declined 91" jáde. "Àǹtí, ṣé wọ́n ti yọ owó mi ni?" Ohun tí ẹ̀rọ ò sọ gan-an nìyẹn.

Nọ́ńbà yẹn nítumọ̀ o. Inú ISO 8583 ló ti wá, ìlànà tí àwọn báńkì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa káàdì. 51 ni pé owó inú àkáǹtì ò tó. 55, PIN ò tọ̀nà. 91, báńkì tó ni káàdì ò dáhùn, tàbí ọ̀nà tó so àwọn báńkì pọ̀ ló dákú. Èdè báńkì sí báńkì ni. Ta ló ní kí wọ́n gbé e síwájú ìyá aláta?

Ní 1994, Jakob Nielsen, ọmọ Denmark, gbé ìlànà mẹ́wàá kalẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ojú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ní tí nǹkan bá yíwọ́, kí ẹ̀rọ fi èdè tó yéni sọ ọ́, láìlo kóòdù, kó sì tọ́ka sí ọ̀nà àbáyọ.

Dípò "91", kí ẹ̀rọ kàn kọ ọ́ pé: "Báńkì yín ò dáhùn. Ẹ dúró díẹ̀." Ó tán! (Ẹ má sọ pé ojú POS kéré; ó ṣáà ń gba ìpolówó.)

Kí wọ́n tó tún un ṣe: tẹ́ ẹ bá rí 55, ẹ má tẹ PIN ní àtẹ̀túntẹ̀, wọ́n lè ti káàdì yín pa. Tó bá jẹ́ 91, ẹ gba rìsíìtì yín, kẹ́ ẹ yẹ àkáǹtì wò kẹ́ ẹ tó tún ti káàdì bọ ẹ̀rọ.