Omi Dúdú Tí Ẹ̀fọ́ Ń Mu

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kí ni ẹ rí níbẹ̀? Ẹ rí ààtàn. Ibẹ̀ ni a ń da èèpo iṣu sí. Ibẹ̀ ni a ń da èèpo ẹ̀gẹ́, háhá àgbàdo àti eérú ìdáná sí.

Ǹjẹ́ ẹ ti rí tòmátì tí ó hù lórí ààtàn rí? Kò sí ẹni tí ó gbìn ín. Kò sí ẹni tí ó bomi rin ín. Síbẹ̀, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó sì so púpọ̀. Èyí tí a gbìn sínú ọgbà, tí a ń tọ́jú lójoojúmọ́, kò dára tó o. Kí ló fà á?

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Kétu, mo bi ìyá àgbà mi ní ìbéèrè yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, gbogbo ohun tí a jẹ kù ni ààtàn ń jẹ. Tòmátì yẹn náà sì ń jẹ lára ààtàn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi ní ọjọ́ náà. Ó yé mi ní ọdún tí ẹ̀fọ́ wọn pọ́n.

Ilẹ̀ pupa

Kétu wà lórí ilẹ̀ gíga kan tí ó tẹ́jú, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nítòsí ààlà Nàìjíríà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa. Bí ẹ bá rìn lórí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹsẹ̀ yín yóò pupa bí ẹni tí ó kun osùn. Àgbàdo ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ẹ̀pà, ẹ̀gẹ́ àti òwú náà ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí a ń gbin nǹkan sí lọ́dọọdún máa ń rẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń rẹ̀. Òjò ńlá sì máa ń wọ́ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kò lè dé.

Omi pẹ̀lú ṣòro. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta. Òjò àrọ̀kúrò máa ń dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọyẹ́ dé. Omi abẹ́ ilẹ̀ Kétu jìn gan-an. Ẹni tí ó bá ti fa omi kànga níbẹ̀ rí mọ̀ bí okùn ṣe gùn tó. Nítorí náà, a kì í fi omi ṣòfò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Ìyá àgbà mi ní ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ilé. Tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń tà lọ́jà láti fi ra ìwé àti bàtà fún èmi àti àbúrò mi. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ewé tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí èso ìyeyè. Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ni ti àárín. Ta ni yóò ra ẹ̀fọ́ tí ó pọ́n? Ajílẹ̀ òyìnbó wà lọ́jà, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wọn. Ìyá àgbà dúró, wọ́n wo ẹ̀fọ́, wọ́n wo ààtàn. Wọ́n ní kí n lọ gbé korobá wá.

Báwo ni ẹ̀fọ́ ṣe ń jẹun?

Ẹ̀fọ́ kò ní ẹnu. Kò ní eyín. Kò lè jẹ èèpo iṣu. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀, omi ni ó sì ń fi í mu. Oúnjẹ tí kò bá yọ́ sínú omi, gbòǹgbò kò lè gbà á.

Ẹ rántí iyọ̀ inú ọbẹ̀. Ojú kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oúnjẹ ẹ̀fọ́ ṣe máa ń wà nínú omi ilẹ̀. Ọ̀kan nínú oúnjẹ náà ń jẹ́ náítírójìn. Òun ni ó ń jẹ́ kí ewé tutù yọ̀yọ̀. Bí kò bá tó, ẹ̀fọ́ yóò gba èyí tí ó wà nínú ewé àgbà, yóò fi fún ewé tuntun. Ìdí nìyẹn tí ewé ìsàlẹ̀ fi ń kọ́kọ́ pọ́n.

Ta ni ó wá ń sọ èèpo di oúnjẹ? Ekòló wà níbẹ̀. Ó ń jẹ ewé tí ó ti rà, ohun tí ó ń yà sílẹ̀ sì dúdú, ó lọ́ràá. Kòkòrò oríṣiríṣi wà níbẹ̀. Àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú wa kò lè rí ni wọ́n pọ̀ jù. Gbogbo wọn ń jẹ, wọ́n ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, títí èèpo yóò fi di ilẹ̀ dúdú. Ilẹ̀ dúdú yìí ni ajílẹ̀ ààtàn.

Òkìtì ni a kọ́kọ́ ń ṣe

Ààtàn tí a kàn ń da nǹkan sí máa ń pẹ́ kí ó tó rà. Bí a bá tò ó dáadáa, kò ní pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ibi tí òòji wà. Ẹ tẹ́ ohun gbígbẹ sílẹ̀: háhá àgbàdo, koríko gbígbẹ, èèpo ẹ̀pà. Ẹ da ohun tútù lé e: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tútù, ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìẹ. Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀ àti eérú díẹ̀ wọ́n ọn. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ohun gbígbẹ, títí òkìtì yóò fi ga dé ìbàdí yín. Omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́ ni kí ẹ máa fi wọ́n ọn, kì í ṣe omi ọṣẹ. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kí oòrùn má baà gbẹ ẹ́.

Ẹ má ṣe da ọ̀rá, àfọ́kù ìgò tàbí bátìrì iná tọ́ọ̀ṣì sí i. Wọn kò ní rà láéláé, wọ́n sì lè ṣe yín léṣe. Ẹ má ṣe da ẹran sí i, eku yóò wá. Ìgbẹ́ ajá, ti ológbò àti ti ènìyàn kò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, nítorí àrùn.

Kí àgbàlagbà máa fi ọkọ́ yí òkìtì náà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ ki igi bọ àárín rẹ̀, kí ẹ fà á yọ, kí ẹ sì fọwọ́ kàn án. Ó gbóná! Kò sí ẹni tí ó dáná síbẹ̀ o. Àwọn ohun alààyè kéékèèké yẹn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ẹ bu díẹ̀ sọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣì lè sọ pé, “Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyí,” kò tíì tó. Bí ó bá dúdú, tí ó ń rún wẹ́wẹ́, tí ó sì ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó ti tó.

Ṣíṣe ajílẹ̀ olómi

Ajílẹ̀ ààtàn tí ìyá àgbà ní kò tó ebè mẹ́rin. Bí wọ́n bá fọ́n ọn ká, ebè kan péré ni yóò tó. Ó tún máa ń pẹ́ kí oúnjẹ inú rẹ̀ tó yọ́ dé ibi gbòǹgbò. Nítorí náà, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é.

Wọ́n bu agolo ajílẹ̀ ààtàn 1 sínú àpò àgbàdo ògbólógbòó kan, wọ́n sì fi okùn dì í lẹ́nu. Wọ́n wọn agolo omi 5 sínú korobá. Omi òjò tí ó ti orí páànù wá ni wọ́n lò. Agolo kan náà ni wọ́n fi wọn méjèèjì. Ẹ̀yin náà lè lo agolo tòmátì tàbí agolo mílíìkì, èyíkéyìí tí ó bá wà nílé.

Wọ́n ri àpò náà sínú omi bí ìgbà tí a ń ri àpò tíì. Wọ́n fi aṣọ bo korobá, wọ́n so aṣọ náà yíká, wọ́n sì gbé e sí abẹ́ òòji. Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èmi ni mò ń ṣí i, mo sì ń fi igi rò ó. Bí a bá ń rò ó, afẹ́fẹ́ ń wọ inú omi. Àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ó dára nílò afẹ́fẹ́ bí àwa náà ṣe nílò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, omi náà ti dúdú bí kọfí. Ìyá àgbà gbé àpò jáde, wọ́n fún un. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ omi náà bí ẹni ń sẹ́ ògì. Lẹ́yìn náà, wọ́n bu omi là á títí ó fi mọ́ bí tíì tí kò le. Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú àpò, wọ́n dà á sí ìdí ata. Kò sí èyí tí ó ṣòfò.

Ẹ má ṣe gbàgbé aṣọ ìbòrí yẹn. Ẹ̀fọn fẹ́ràn omi tí ó dúró sójú kan. Yóò yé ẹyin sínú rẹ̀, ẹyin yóò di tanwíjí, tanwíjí yóò sì di ẹ̀fọn tí yóò wá jẹ yín lóru. Bí ọmọ tí ó ń rá bá wà nílé yín, kí àgbàlagbà gbé korobá náà síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó. Ọmọ kékeré lè rì sínú korobá omi.

Àṣìṣe mi

Ní ọdún kejì, mo ní èmi yóò dá ṣe é. Mo fẹ́ kí tèmi lágbára ju ti ìyá àgbà lọ. Mo da ìgbẹ́ adìẹ tútù kún un. N kò bò ó. N kò rò ó. Mo lọ ń gbá bọ́ọ̀lù, mo sì gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, òórùn rẹ̀ lé mi sẹ́yìn. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Dípò kí n dà á nù, mo gbé e, mo sì dà á sí ìdí ata kéékèèké láìbu omi là á. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, etí ewé wọn ti gbẹ bí èyí tí iná jó. Ata mẹ́fà kú.

Ìyá àgbà kò nà mí. Wọ́n kàn bi mí pé, “Bí ebi bá ń pa ọ́, ṣé ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná ni n óò dà sí ọ lẹ́nu?”

Nítorí náà, bí ajílẹ̀ olómi yín bá ń rùn bí ohun tí ó kú, ẹ má ṣe dà á sí ìdí ẹ̀fọ́. Ẹ dà á padà sórí òkìtì. Èyí tí ó bá dára pẹ̀lú, ọjọ́ tí a sẹ́ ẹ ni kí a lò ó.

Bí a ṣe ń lò ó

Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù, tàbí òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn má baà fà á gbẹ. Ìdí ẹ̀fọ́ ni ẹ ó dà á sí, kì í ṣe orí ewé tí a óò jẹ. Agolo kékeré kan tó fún ìdí kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án bí egbò bá wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ sì fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é.

Ọ̀rọ̀ omi dé wàyí. Ẹnìkan lè sọ pé, “Omi kò tó mu, ẹ tún ń fi rẹ ààtàn!” Òótọ́ ni pé omi wọ́n. Ṣùgbọ́n omi yìí kì í ṣe omi ọ̀tọ̀. Omi tí a fẹ́ fi bomi rin ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni. Ní ọjọ́ tí ìyá àgbà bá fún tẹ̀tẹ̀ ní ajílẹ̀ olómi, wọn kì í bomi rin ín mọ́. Wọ́n tún máa ń tẹ́ koríko gbígbẹ yí ìdí rẹ̀ ká kí ilẹ̀ lè tutù pẹ́.

Ewé tí ó ti pọ́n kò padà tutù o. N kò ní purọ́ fún yín. Ewé tuntun tí ó ń yọ lókè ni ó tutù. Ìyá àgbà já èyí tí ó pọ́n sọ sórí òkìtì, wọ́n dúró de tuntun, wọ́n sì rí i tà. Ìwé wa wọlé ní ọdún náà. Bàtà dúró di ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn mìíràn tí wọn kì í da nǹkan nù

Ní Àjàṣẹ́, ní gúúsù Kétu, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Songhaï. Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1985. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a ń pè ní ẹ̀gbin, oúnjẹ ni fún nǹkan mìíràn lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe ajílẹ̀. Wọ́n tún ń yọ gáàsì tí a fi ń dáná láti inú ìgbẹ́. Wọ́n ń tọ́ ìdin pàápàá, wọ́n sì ń fi bọ́ ẹja! Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ wò ó.

Ẹ dán an wò

Ẹ wá tẹ̀tẹ̀ méjì tí wọ́n ga bákan náà, tí wọ́n wà lórí ebè kan náà. Ẹ ri igi kékeré mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa fún ọ̀kan ní omi lásán. Ẹ máa fún èkejì ní ajílẹ̀ olómi. Kí iye tí ẹ ń fún wọn dọ́gba. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ẹ fi okùn wọn gíga wọn, ẹ ka ewé wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ kọ ewé tí ó pọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ mú ìwé náà wá sí kíláàsì.