Ìwé ni físà ń béèrè, inú oko ni ọrọ̀ ará Ìjerò wà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo fọ́ọ̀mù físà ìgbafẹ́, ì báà jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù, ti Amẹ́ríkà tàbí ti Yúróòpù: ṣé ìwọ tí o fẹ́ wá yìí yóò padà sílé? Sítétímẹ́ǹtì báńkì, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni gbogbo wọn. Òfin Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ fi bò. Abala 214(b) nínú òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1952 lórí àlejò ní kí òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì ka ẹnikẹ́ni tó bá wá gba físà ìgbafẹ́ sí ẹni tó fẹ́ lọ fìdí kalẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, àfi bí onítọ̀hún bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní ó gbọ́dọ̀ dá òṣìṣẹ́ lójú pé àlejò yóò kúrò nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé, oṣù mẹ́fà ló sì máa ń pọ̀ jù. Ìbéèrè náà kò burú. Ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dáhùn rẹ̀ ló ní àbùkù: lápá Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n ní Èkìtì, àwọn tó ṣòro fún jù láti fi ilé sílẹ̀ gan-an ni fọ́ọ̀mù ń fura sí jù.

Kí ẹnikẹ́ni tó dé iwájú ẹ́ḿbásì, ó ní láti ní páásípọ́ọ̀tù, èyí sì ti di ìnáwó fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ₦100,000 ni ìwé olójú 32 tí ń lo ọdún márùn-ún, ₦200,000 sì ni olójú 64 tí ń lo ọdún mẹ́wàá. Ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti olójú 32 láti ₦35,000 sí ₦50,000. Ẹ fi èyí wé ₦70,000 tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin láti ọdún 2024: ẹni tó bá ń gba iye yẹn, tí kò jẹ, tí kò mu fún odindi oṣù kan, owó rẹ̀ kò tíì tó ra èyí tó kéré nínú méjèèjì. Ẹni tó bá rí i rà yóò tún ṣọ́ ọjọ́ tí yóò kú, nítorí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kí ó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán lórí ìwé náà. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní Yúróòpù ń béèrè oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí àlejò máa kúrò lọ́dọ̀ wọn, pẹ̀lú ojú ewé méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì lu òǹtẹ̀ sí. Owó físà wá tẹ̀ lé e: £127 fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2025, $185 fún Amẹ́ríkà, €90 fún Schengen, tí àwọn yẹn tún máa ń béèrè ìwé ìdójútòfò ìlera tó tó €30,000. Wọn kì í dá owó wọ̀nyí padà bí wọ́n bá ní rárá. Kí Amẹ́ríkà tó dá físà ìgbafẹ́ dúró fún wa lọ́dún 2026, ọmọ Ìjerò tí wọ́n bá pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń gba orí òkè Ẹ̀fọ̀n kọjá sí Ilẹ́ṣà àti Ìbàdàn kó tó dé Èkó, á sì dúró níwájú fèrèsé dígí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Orí sítétímẹ́ǹtì báńkì ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí. Ti olùkọ́ ìjọba rọrùn láti kà: owó kan náà ń wọlé lópin oṣù, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń jáde, òṣìṣẹ́ ẹ́ḿbásì á sì lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó kò ní òpin oṣù. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun ni kòkó ńlá máa ń jáde. Owó á wọlé wìtìwìtì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á kà lé ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọn àpò tán. Kó tó di àjíǹde, owó iléèwé ti lọ, gbèsè oògùn kòkó ti lọ, ti alágbàṣe ti lọ, páànù ilé ti gba ìyókù. Nígbà tó bá fi di oṣù keje, tí ọmọ tó wà ní Manchester bá ń fẹ́ kí ìyá òun wá wo ọmọ tuntun, àkáǹtì ìyá náà á dà bí ti ẹni tí kò ní nǹkan kan láyé. Ọmọ á wá fi mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí òṣìṣẹ́ rí ni àkáǹtì tó gbẹ fún oṣù márùn-ún, tí òkè owó kan ṣàdédé hù nínú rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gba físà. Lójú tirẹ̀, owó àyálò tí wọ́n fi díbọ́n ni. Owó àjọ tí ìyá náà ń dá láti ogún ọdún wá kò sì sí níbì kankan nínú ìwé yẹn, nítorí ọwọ́ alájọ ló wà.

Òótọ́ ni pé òfin Gẹ̀ẹ́sì gbà kí ọmọ tó wà lọ́hùn-ún san gbogbo ìnáwó àlejò rẹ̀, kó fi ìwé owó oṣù tirẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ẹbí ló rò pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀. Ìdajì ló parí. Ọmọ ti dáhùn ìbéèrè owó, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ìbéèrè ìpadàbọ̀ le sí i, nítorí ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó wà ní ìlú òyìnbó di ìdí tí ìyá fi lè jókòó síbẹ̀. Kí ni ìyá ní láti fi sí ìhà kejì òṣùwọ̀n? Oko kòkó tó wà lórí ilẹ̀ ẹbí, tí gbogbo ìlú mọ ààlà rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní ìwé. Ìsọ̀ lọ́jà tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kan. Ipò nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Bàbá tó jẹ oyè lábẹ́ Ajerò ti Ìjerò tàbí Alára ti Àrámọkọ kò lè fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún kan láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ wá a, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò ní ojú ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí. Bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹni tí ìwé rẹ̀ pé: nọ́ọ̀sì ọmọ ọgbọ̀n ọdún, òṣìṣẹ́ báńkì, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Ó ní lẹ́tà ibi iṣẹ́, ó ní owó oṣù, ó ní ìwé owó orí. Òun náà ni ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣeé gbé rìn, tó lè rí iṣẹ́ ní Birmingham láàárín oṣù kan bó bá fẹ́ jápa. Agbára àtirìn ni ìwé wọ̀nyí ń wọ̀n, tí wọ́n sì ń pè é ní ẹ̀rí ìdúró.

Kì í ṣe ohun tuntun pé ìwé ń borí ìgbésí ayé ẹni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò. Àwọn Yorùbá tó kó ẹrù wálé lọ́dún yẹn pọ̀ jọjọ. Àwọn kan nínú wọn ti ṣòwò níbẹ̀ ju ogún ọdún lọ, àwọn mìíràn Gánà ni wọ́n bí wọn sí. Àwa náà sì ṣe é: ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1986 ni ìjọba Thatcher kéde pé ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó gbéra nílé. Àwọn àgbà Èkìtì tí wọ́n lọ kàwé lọ́hùn-ún ní ọdún 1950 sí 1960 kò mọ ìyọnu yìí. Lọ́dún 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ gbèrò láti máa gba £3,000 gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró lọ́wọ́ àwọn àlejò kan láti Nàìjíríà, Gánà àti orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní Éṣíà, kí wọ́n tó pa èrò náà tì kí ọdún náà tó parí. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n mú ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò fún ní físà láti wá kí ẹbí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún yóò tún owó mìíràn san, yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Onílé ló ń yan àlejò, àwọn ènìyàn wa kò sì kéré nínú àwọn tó lọ tí wọn kò padà. N kò jiyàn ẹ̀tọ́ wọn. Iye àwọn tí kò padà ni ká yẹ̀ wò dáadáa. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá físà ìgbafẹ́ àti ti akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, àṣẹ tí ààrẹ wọn fọwọ́ sí fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ìṣirò wọn: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó lo físà ìgbafẹ́ tàbí ti òwò, 5.56 ló kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn. Èyí já sí pé ó lé ní mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún tó ṣe ohun tó tọ́. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 11.90, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ohun tó ń fa ti akẹ́kọ̀ọ́ lè pọ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń wò ó, àwọn ọ̀dọ́ tí ìwé wọn pé ni wọ́n ń kọjá ọjọ́ jù, kì í ṣe àwọn ìyá tó lọ gbọ́mọ pọ̀n. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ní tiwọn kọ físà fún ohun tó lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó béèrè lọ́dún 2023, ti ọdún 2024 sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ogójì bá ń gba rárá láti dènà ìwọ̀nba díẹ̀, a jẹ́ pé àwọ̀n náà ń kó ẹja tí wọn kò dẹ ẹ́ fún.

Ohun tí àwọn ẹ́jẹ́ǹtì físà máa ń sọ ni pé, bó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fẹ́, a óò ṣe ìwé fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má gbà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè ti ìlẹ̀kùn fún ọdún mẹ́wàá mọ́ ẹni tó bá fi ìwé èké tàn wọ́n. Ti Amẹ́ríkà lè jẹ́ títí ayé, orúkọ àgbẹ̀ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ló sì máa jìyà rẹ̀, ẹ́jẹ́ǹtì á wá oníbàárà mìíràn lọ. Ìwé èké tún ń sọ òtítọ́ àwọn yòókù di ohun ìfura: sítétímẹ́ǹtì tí wọ́n yí ní Èkó ló ń mú kí wọ́n máa wo ti Ìjerò lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ṣeé ṣe ni kí a kọ òtítọ́ sílẹ̀ ṣáájú kí ìrìn-àjò tó yá. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fún ẹni tó ń dá oko ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ ìgbèríko; àwọn tó mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò tàbí ti Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì lè ṣe èyí kò pọ̀. Ìsọ̀ lè di orúkọ òwò lábẹ́ àjọ CAC, owó orí lè ní rìsíìtì. Ẹni tó ń ta kòkó lè sọ fún oníbàárà rẹ̀ kó gba báńkì san owó náà, kó sì tọ́jú ìwé ìwọ̀n àpò. Kí lẹ́tà tó bá fọ́ọ̀mù lọ wá sọ ọ́ gbangba pé ìgbà kòkó ni owó ń wọlé, ìdí nìyí tí àkáǹtì fi gbẹ lóṣù keje. Bí mílíọ̀nù mẹ́ta bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí ìwé sọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ìdí rẹ̀. Bí ìtọ́jú ọmọ bá wà nínú ìrìn náà, kó jẹ́ àbẹ̀wò ẹbí ní tòótọ́, nítorí físà yìí kò gba iṣẹ́, kò sì gba kí ìyá àgbà di ọmọ-ọ̀dọ̀. Gbogbo èyí kò sọ pé físà á jáde. Ó kàn ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí ohun tó wà.

Ìrìn-àjò afẹ́ kò sì di dandan kó jẹ́ ti òyìnbó. Barbados kò gba físà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú ibẹ̀ sábà máa ń gba Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà kọjá, ọmọ Nàìjíríà sì nílò físà ìkọjá ní pápákọ̀ wọn. Físà tí a sá fún tún pàdé wa lójú ọ̀nà. Àwọn aládùúgbò wa ni ilẹ̀kùn wọn ṣí ní tòótọ́. Láti ọdún 1979 tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn ìrìn fàlàlà ní Dakar, ọmọ Àrámọkọ lè lo 90 ọjọ́ ní Kútọnu, Lomé tàbí Àkúrà láìgba físà, bó bá ní páásípọ́ọ̀tù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ àti káàdì ìyẹ́lò, ìyẹn ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tí àjọ ìlera àgbáyé ti sọ di ti ayérayé láti ọdún 2016. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde nínú ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, kí ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀ béèrè dáadáa kó tó gbéra. Lójú ẹ́ḿbásì, òǹtẹ̀ Benin kò wúwo tó ti Faransé, síbẹ̀ ó jẹ́ àkọsílẹ̀ pé ẹnìkan jáde, ó sì padà. Àwọn tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kọjá ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ nítorí kí wọ́n má dúró lórí ìlà ń sọ àkọsílẹ̀ yẹn nù, owó tí wọ́n sì ń fún àwọn tó dúró lójú ọ̀nà kì í ní rìsíìtì. Kí onípáásípọ́ọ̀tù yà sí ọ́fíìsì, kó gba òǹtẹ̀ ìjáde ti Nàìjíríà àti òǹtẹ̀ ìwọlé ti Benin, kó sì wo déètì orí méjèèjì kó tó kúrò níwájú tábìlì.