Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Náà, Evacuate

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, evacuate, tí a ń bá pàdé nínú ìwé ìtàn àti nínú ìwé oníṣègùn bákan náà. Láti inú èdè Látìnì ni ó ti wá: ex ni "jáde", vacuus ni "òfìfo". Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni pé kí a kó ohun inú nǹkan jáde títí yóò fi ṣófo. Àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó fún ìgbọ̀nsẹ̀; àwọn ológun sì ń lò ó fún ìlú tí a kó ènìyàn inú rẹ̀ kúrò.

Modákẹ́kẹ́ mọ ìtumọ̀ kejì yìí dáadáa. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé ni ó tẹ̀ ẹ́ dó lẹ́bàá Ilé-Ifẹ̀. Àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886, nígbà ogun Kírìjí, sọ pé kí wọ́n ṣí kúrò, ṣùgbọ́n ọdún 1909 ni a tó tú ìlú náà ká. Àwọn kan lọ dó sí Òdeòmu; àwọn mìíràn gba ibòmíràn lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1922 ni wọ́n tó padà, nígbà Ọọ̀ni Adémilúyì. Èdè Yorùbá kò da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀: ìlú ni ó tú, ènìyàn ni ó ṣí. Ẹni tí ó ṣí lè ru ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n oko kò ṣeé dì lẹ́rù.

Ní ti ikùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá ṣáà ti fọ inú, àìsàn yóò bá a jáde. Èrò yìí léwu. Ọmọ tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru ń pàdánù omi ara. Bí a bá tún fún un ní oògùn ìyàgbẹ́, ó lè kú. Kí a po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, tí kò ga ju etí ṣíbí lọ, mọ́ omi mímọ́ lítà 1, kí a máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Kí ìyá má ṣe dá ọmú dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ọmọ kò lè mu omi mọ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kí àgbàlagbà tí inú ń run gidigidi, tí ó sì ń bì, má ṣe lo oògùn ìyàgbẹ́.

Nínú Ìhìn Rere Mátíù, orí 12, Olúwa sọ̀rọ̀ ilé kan tí a gbá mọ́, tí ẹ̀mí àìmọ́ sì padà wọ̀, nítorí kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Ìlú, ikùn àti ọkàn, ọ̀kan ni òfin wọn: ohun tí a bá tú sófo, kí a tètè fi ohun rere kún un.